Ojú Ẹsẹ̀ Delvine

"Kò sí nǹkan kan níbí," ni Delvine pariwo sí àwọn obìnrin ẹ̀ṣọ́ ilẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì ti ń gbá yanrìn kó tó sọ ọ́ tán.

Nǹkan wà níbẹ̀. Ihò mẹ́ta ló wà lẹ́bàá koríko ẹlẹ́gùn-ún náà, ipasẹ̀ kéékèèké sì wọ inú ọ̀kan lọ. Ìgbẹ́ tútù wà lẹ́nu ihò, irun eku àti egungun alángbá ló kún inú ìgbẹ́ náà. Murrtja ni, ẹranko kékeré kan tó ń gbé inú ilẹ̀ aṣálẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè pè é ní eku, bẹ́ẹ̀ eku gan-an ló ń pa jẹ, òun àti àkekèé, ìdí ìrù rẹ̀ a sì sanra nígbà tí oúnjẹ bá pọ̀. Àsìkò òtútù yìí ló máa ń bímọ, tí àwọn ọmọ á so mọ́ ọyàn lábẹ́ ikùn rẹ̀. Delvine gbá yanrìn bo gbogbo rẹ̀.

Tanita, àbúrò rẹ̀, ló ti sọ láàárọ̀ pé ẹranko náà á wà ní ìwọ̀ oòrùn òkè yìí. Ohun tó ń dun Delvine nìyẹn. Òun ló kọ́ Tanita ní ipasẹ̀ wíwò nígbà tí ọmọ náà kò tíì mọ̀ ọ́n rìn dáadáa. Ní báyìí, fọ́tò Tanita ló wà lára ògiri ọ́fíìsì àwọn ẹ̀ṣọ́ ilẹ̀, Tanita ni wọ́n sì fẹ́ mú lọ sí ìlú Darwin, ní àríwá Australia, láti lọ sọ̀rọ̀ níwájú èrò. Ẹni tó mọ ipasẹ̀ jù ní í ṣíwájú nínú aṣálẹ̀. Ogún ọdún ni Delvine ti ń ṣíwájú, ẹnikẹ́ni kò ya fọ́tò rẹ̀ rí. Owú ń jẹ ẹ́, kò sì lè sọ ọ́ fún ẹnì kan.

Màmá Dulcie, àgbà wọn, fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀ dé. "Ṣé o wò ó dáadáa?"

"Àbí ojú mi ti fọ́ ni, Màmá?"

"Ta ló ní ojú ẹ fọ́? Ó dáa. Ká ní ó wà níbí ni, à bá máa jó koríko yìí díẹ̀díẹ̀, ká fi ibi tó máa sá sí sílẹ̀ fún un, kí ológbò igbó má baà rí i pa. Nígbà tí kò sí, iná kan ṣoṣo la máa fi jó gbogbo ẹ̀ lọ́la, kí koríko tuntun lè hù."

Tanita ń wo ilẹ̀.

"Má bínú, ará Darwin," ni Delvine wí. "Èèyàn ò lè mọ̀ ọ́n lójoojúmọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí mi."

Nígbà tí wọ́n padà sí àgọ́, Tanita ní òun gbàgbé ìgò omi òun, ó sì padà lọ kí oòrùn tó wọ̀. Màmá Dulcie gbé ìrù awọ́nrínwọ́n tí wọ́n sun fún Delvine, ibi tó dùn jù lára rẹ̀. Delvine gbé e sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná.

"Jẹun, jàre," ni Màmá Dulcie wí. "Òjòwú kì í lẹ́ran lára."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Delvine náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò lélẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí wọ́n ṣe ń fi iná sẹ́nu igi, Delvine rántí ojú ẹsẹ̀ tirẹ̀. Àáké ti gé ọmọńdinrín ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ láti kékeré, kì í sì í wọ bàtà. Kò sí ọmọdé kan nílùú wọn tí kò mọ ojú ẹsẹ̀ Delvine. Ó pa ipasẹ̀ ẹranko rẹ́, ó gbàgbé tirẹ̀. Màmá Dulcie kì í sì í tanná sí ibì kan láìkọ́kọ́ rìn yí i ká.

Ó yára ṣáájú wọn lọ síbẹ̀ láti lọ pa ojú ẹsẹ̀ náà rẹ́. Nígbà tó débẹ̀, ó rí i pé wọ́n ti fi ẹ̀ka igi gbá ilẹ̀ náà mọ́. Kò sí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ kankan mọ́. Murrtja náà ti gbẹ́ ihò rẹ̀ padà lóru, ipasẹ̀ tuntun sì ti wà lórí ilẹ̀ tí wọ́n gbá.

"Èmi ni mo gbá a," ni Tanita wí lẹ́yìn rẹ̀.

Delvine kò lè yíjú padà. "Kí ló dé tó ò sọ fún wọn?"

"Kí n ní Àǹtí mi ṣe kí ni? Ipasẹ̀ tuntun nìyẹn, Àǹtí. Ẹ pè wọ́n. Ẹ ní ẹ̀yin lẹ rí i láàárọ̀ yìí. Mi ò ní já a ní koro."

Òórùn èéfín ti ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Delvine wo ilẹ̀ mímọ́ náà. Ohun tó ń wá láti ọjọ́ yìí ni àbúrò rẹ̀ gbé sí i lọ́wọ́ yìí, ojú sì tì í ju kí wọ́n bú u lọ.

"Màmá, ẹ má tanná o," ló ké. "Murrtja wà níbí. Mo rí i lánàá, mo sì fẹsẹ̀ pa ipasẹ̀ ẹ̀ rẹ́. Bí Tanita ṣe wí ló rí."

 Màmá Dulcie ti ẹnu igi oníná rẹ̀ bọ yanrìn, iná náà sì kú.

"Ó dáa," ló wí. "Ẹ ṣíwájú, ká mọ ibi tá a máa jó àti ibi tá a máa fi sílẹ̀."

Gbogbo wọn dúró de Delvine, bí wọ́n ti ń ṣe láti ogún ọdún. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìwọ ni, Tanita," ló wí.

Tanita kọjá níwájú rẹ̀. Owú náà kò tíì kúrò nínú Delvine, ó ṣì ń ta á. Ṣùgbọ́n ó tẹ̀ lé àbúrò rẹ̀, ó sì ń gbé ẹsẹ̀ oníka mẹ́rin náà sínú ojú ẹsẹ̀ Tanita, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan.