Ning Tí Kì Í Dákẹ́

Bí ọkàn bá ń yìnbọn ni, ọkàn Luningning, tí gbogbo ẹgbẹ́ ń pè ní Ning, ì bá ti dún ju gbogbo ìbọn tó wà ní pápá ìyìnbọn ìlú Lipa lọ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Isagani, tí wọ́n ń pè ní Gani, ń padà sẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ òkun, ó sì di ọdún tó ń bọ̀ kí wọ́n tó tún rí i. Ó ti pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti jọ ń díje nínú ẹgbẹ́ kan náà, tí Gani ń bá a gbé àpò ọta, tó ń bu kọfí fún un, tí ojú rẹ̀ ń sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ ò lè sọ. Bí kò bá sọ ọ́ lónìí, àwọn ẹja ni yóò máa sọ ọ́ fún.

Ó kan Ning láti yìn. Àǹtí Pacing, adájọ́ wọn, dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú aago lọ́wọ́.

"Ṣé o ti ṣetán?"

Ìbéèrè yìí kò ní ìdáhùn lórí pápá. Ẹni tó bá dákẹ́ ti ṣetán nìyẹn; aago á dún, ó di eré. Ṣùgbọ́n ẹnu Ning kì í dákẹ́.

"Ẹ dúró, Àǹtí! Okùn bàtà mi!"

"Ṣé o ti ṣetán?"

"Ẹ dúró! Eṣinṣin bà mí nímú!"

Baba Igme, àgbà ẹgbẹ́ wọn, sọ suman, ìrẹsì tí wọ́n fi ewé wé sè, tó wà lẹ́nu rẹ̀ kalẹ̀. "Pacing, jẹ́ ká lọ jẹun ọ̀sán ká padà wá. Ọmọ yìí ò tíì parí ìròyìn."

Ẹ̀rín pa Ning títí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Píìì! Ó ti tú jáde. Àwo irin ń wó lulẹ̀ gbì, gbì. Ọwọ́ rẹ̀ ń fa ọta yọ ní bẹ́líìtì, ó ń kì í bọ ìbọn bí ẹni ń fi ẹ̀pà sẹ́nu. Kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan.

"Gani, wá gba tìẹ!" ó kígbe. "Kí o sì rántí, ọta ńlá fún páálí ọ̀ọ́kán, ọta wẹ́wẹ́ fún irin!"

"Mo gbọ́, ọ̀gá mi."

Gani gbọ́ lóòótọ́, àmọ́ ojú Ning ló ń wò. Ó wó gbogbo irin, ó yíjú sí páálí ọ̀ọ́kán, ọwọ́ rẹ̀ sì lọ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́líìtì tí kò yẹ kó lọ. Ó yìn ín. Ọta wẹ́wẹ́ fọ́n ká sórí páálí bí ìrẹsì tí wọ́n ń dà lé ìyàwó lórí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ta ló ń gbéyàwó?" Baba Igme bèèrè. Etí Gani pọ́n bí ata.

Ó ṣí ìbọn rẹ̀, ó fi hàn pé kò sí ọta nínú rẹ̀. "Pápá ti mọ́!" ni Àǹtí Pacing ké, gbogbo wọn sì wọ inú pápá lọ láti lẹ ihò páálí pa, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ọ̀dọ̀ páálí onírẹsì yẹn ni Gani bá Ning.

"Ta ló gbé ọpọlọ ẹ lọ?" Ning bi í.

"Ìwọ ni. Ning, mo fẹ́ wá rí ìyá ẹ nírọ̀lẹ́ yìí. Mo fẹ́ máa fẹ́ ẹ sọ́nà, káyé mọ̀. Ṣé o ti ṣetán?"

Ning la ẹnu. Àgbáyé ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde. Ẹnu tí kì í dákẹ́ dákẹ́ rọ́rọ́.

Ojú Gani rẹ̀wẹ̀sì. "Kò burú. Mo ti gbọ́."

"Kí lo gbọ́?" Baba Igme jágbe mọ́ ọn. "Olódo! Gbogbo ìdíje tóo ti ṣe, o ò mọ òfin? Ọmọ náà dákẹ́!"

Gani wo Ning. Ning mi orí bí alángbá, omijé àti ẹ̀rín pọ̀ lójú rẹ̀.

Àǹtí Pacing rọra gbé aago sí ẹ̀yìn etí Ning. Píìì!

Eré ni Ning sá, bẹ́ẹ̀ ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo ló wà láàárín òun àti Gani. Awò tí wọ́n fi ń dáàbò bo ojú lórí pápá ló kọ́kọ́ kọlu ara wọn.