Wọ́n Ní Màmá Mi Ti Kú

Orí Wọ́sáàpù ni mo ti kà á pé màmá mi ti kú. Wọ́n sì jókòó síwájú mi nílé wa ní Ìjẹ̀gùn, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà.

Ẹgbẹ́ òǹkàwé kan ní Ẹ̀gbẹ́dá ló fi ìkéde náà síta. Wọ́n ní àwọn ti ṣàwárí ìwé kan tí ayé ti gbàgbé, ìtàn iná Ìjẹ̀gùn láti ọwọ́ ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí i, “olóògbé Miriam Ọdẹ́tọ́lá.” Wọ́n ti tún un tẹ̀, wọ́n ti ń tà á, ọjọ́ Sátidé ni ìfilọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn tí ọ̀pá epo bẹ́, tí iná pa ẹ̀gbọ́n mi Ọláídé, ni màmá mi kọ ìwé yẹn, tí wọ́n sì gbé e lọ tẹ̀ ní Ìpájà. Wọ́n pín in ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbé e kiri iléèwé. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní nǹkan kan nípa rẹ̀.

Olóògbé tí ẹgbẹ́ náà pe màmá mi, ẹ̀rín ló pa wọ́n. Ìgbà tí mo ra ẹ̀dà tuntun náà wá, tí wọ́n ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, ni ojú wọn yí padà. Ẹgbẹ́ náà kọ ọ́ síbẹ̀ pé epo làwọn ará àdúgbò ń gbọ́n tí iná fi ràn mọ́ wọn.

“Fisáyọ̀, ṣé ọmọ mi ń gbọ́n epo?”

“Rárá, mà. Kíláàsì ló wà.”

Ní Sátidé, màmá mi wọ ẹ̀wù àdúrà funfun wọn, a sì wọ gbọ̀ngàn ìfilọ́lẹ̀ náà. Henry, olórí ẹgbẹ́ náà, ń fi makirofóònù kàwé lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Màmá, ṣé ẹ wá gbàdúrà fún wa ni?”

“Èmi ni Miriam Ọdẹ́tọ́lá.”

Henry dọ̀bálẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, mà. A wá yín títí.”

“Ibo lo wá mi dé? Àdírẹ́sì mi wà lẹ́yìn ìwé tó o tún tẹ̀.”

“Wọ́n ní gbogbo àdúgbò yẹn ló jó, mà.”

“O ò sì wá wò ó. Kó o pè mí lókùú, kò dùn mí. Ta ló sọ fún ẹ pé a ń gbọ́n epo? Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé katapílà tó ń ṣe títì ló bẹ́ ọ̀pá náà. Ṣé o tiẹ̀ kà á?”

“Ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ ni, mà. Tá a bá tún tẹ̀ ẹ́, a máa yọ ọ́.”

“Òní lo máa yọ ọ́.”

Obìnrin kan ní kí màmá mi ṣe sùúrù, ọ̀rọ̀ iná yẹn ṣáà ti pẹ́. Màmá mi yíjú sí i. “Ó ti pẹ́ lójú ta ni?”

Màmá mi fa àga síwájú tábìlì ìwé, wọ́n jókòó, wọ́n ní ìwé kankan ò ní jáde níbẹ̀ tòun ti irọ́ yẹn. Mo yọ bírò. Henry náà yọ tiẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ń fa ìlà lé irọ́ náà lórí. Àwọn tó ti rà á dá tiwọn padà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni màmá mi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ju ọ̀kan padà sí Henry.

“Mo ṣì ń rí i kà.”

Nígbà tá a ṣe tán, Henry àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ bá màmá mi ya fọ́tò. Màmá mi gba ẹ̀gbẹ́ wọn jáde. Inú kẹ̀kẹ́ Márúwá ni wọ́n ti sunkún. Mi ò lè bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dákẹ́. Inú ń bí èmi náà.