Mo Ní Ó Ti Tutù

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mí, kò sì sí ohun tó dùn mọ́ mi bí i kí n jókòó sínú ọkọ̀ kí n máa kọrin. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, inú ọkọ̀ ni mo wà lóòótọ́, àmọ́ ọkọ̀ náà ò lọ síbì kankan. Ó dúró síwájú ilé, bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ọkọ ọmọ mi sì ki orí bọ inú rẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́.

Tíṣà là ń pè é, torí ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé. Èmi, kíláàsì kejì ni mo ti bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fa gbogbo rẹ̀. Àwọn nìkan ló kù fún mi nínú ọmọ ìyá. Wọ́n ti dùbúlẹ̀ láti oṣù kan, wọ́n ń bèèrè mi, ìrìn wákàtí mẹ́fà sì ni. Dókítà ti kìlọ̀ pé ooru ò gbọdọ̀ mú mi mọ́, nítorí ìjọsí tó mú mi nínú ọkọ̀, ńṣe ni mo dákú. Ọmọ mi wá fi àáké kọ́rí: "Màmá, bí éésì ọkọ̀ ò bá fẹ́ atẹ́gùn tútù, ẹ ò lọ."

Ni Tíṣà bá ra agolo gáàsì éésì, ó wo fídíò lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó fi awò bojú bí ẹni tó fẹ́ lọ kó oyin.

"Màmá, ẹ gbé ọwọ́ síbi tí atẹ́gùn ti ń jáde. Tó bá ti tutù, ẹ sọ fún mi."

"Ṣé ìdánwò ni?"

"Ìdánwò ni. Ẹ má jí ìwé ẹlòmíì wò o."

"Ta ni màá jí tiẹ̀ wò? Èmi nìkan ni mo wà ní kíláàsì."

Ó ki rọ́bà agolo mọ́ ẹnu páìpù. Mò ń gbọ́ kọ́ńpírẹ́sọ̀, irin tó ń ti gáàsì kiri nínú ẹ̀rọ náà: á dún "kọ́", á ṣiṣẹ́ díẹ̀, á tún dákẹ́. Atẹ́gùn tó ń kàn mí lọ́wọ́ dà bí èémí ewúrẹ́.

"Ó ti ń tutù, Màmá?"

Mo wo ojú rẹ̀. Òógùn ti bò ó. Ta ló máa wo àna rẹ̀ lójú kó ní iṣẹ́ rẹ̀ ò jẹ́? Kí n má sì fi irọ́ kún irọ́, ti àna kọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń rò.

"Ó ti tutù," mo ní. "Ó tutù nini."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ti agolo pa. "Abẹ́rẹ́ géèjì tó ń wọn gáàsì kàn ń fò sókè sódò ni, kò ṣeé gbà gbọ́. Ọwọ́ yín ni mo fọkàn tán."

Inú mi dùn, mo gbé orin:

*Ẹ̀gbọ́n mi ń bẹ lọ́nà jíjìn,*
*Ẹsẹ̀ mi ń rìn, ọkàn mi ti dé.*

N kò tíì parí ìlà kìíní tí irin náà fi dún "kọ́" tó dákẹ́. Lórí ìkejì, ó tún dún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ló já lu orin mi. Akọrin tó bá ń dánu dúró lẹ́yìn ọ̀rọ̀ méjì, èémí ló wọ́n ọn. Mo rí ara mi lójú ọ̀nà lọ́sàn-án gangan, tí ọmọ mi ń fi ìwé fẹ́ mi, tó sì ń dá ọkọ rẹ̀ lẹ́bi nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi.

"Ọmọ mi, má tíì pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Kò tutù."

"Ẹ ní ó tutù nini."

"Irọ́ ni mo pa."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tilẹ̀ rìn dé ẹnu géètì.

Tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Màmá, tí ọmọ kan bá ṣi ìṣirò, tí mo ní ó gbà á kó má bàa sunkún, ṣé ìfẹ́ nìyẹn?"

"Ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ tí ò mọ ìṣirò."

Ẹ̀rín pa á. Mo sọ ohun tí mo gbọ́ fún un, ó ní kí n tún orin náà kọ, òun náà sì tẹ́tí. "Gáàsì kò tó. Bóyá ibì kan ló ń jò. Ká wá ibẹ̀ kí n tó fi kún un."

Ó tú rọ́bà kúrò, ó pa ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ wá kan ọṣẹ, ìyẹn sì ni yunifásítì tèmi. Mo po ọṣẹ nínú abọ́ títí ó fi hó, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì pa á sára àwọn páìpù, torí ibi tó bá ń jò, ọṣẹ ibẹ̀ á wú. Gbogbo ibi dákẹ́, àfi ẹnu ibi tó ti tú rọ́bà: ọṣẹ ibẹ̀ ń wú bí ojú ẹja. Ohun kékeré inú fáàfù, ìyẹn ìdérí ẹnu páìpù náà, ló ti tú. Ó fi irinṣẹ́ tín-ín-rín dè é jẹ́ẹ́jẹ́, ó tún pa ọṣẹ. Kò wú mọ́.

Ó tan ọkọ̀, ó tún ki rọ́bà bọ̀ ọ́.

"Ó tó báyìí?"

"Kò tíì tó."

"Báyìí ńkọ́?"

"Ó ń gbìyànjú."

Nígbà tó yá, mo kọ orin mi tán lẹ́ẹ̀mẹta, irin náà ò já lù mí, ìka mi sì ti kú tipiri. Mo ní ó tutù. Tíṣà wá gbé ọwọ́ tirẹ̀ síbẹ̀, mi ò bínú. Ọwọ́ tó ti parọ́ nílò ẹlẹ́rìí.

"A ò ní lọ lọ́la," ló wí. "Ká wò ó lọ́la lọ́sàn-án bóyá kò ní jò mọ́."

Ọjọ́ kan ò kéré lójú ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń retí rẹ̀ lórí ibùsùn. Mo gbé e mì.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí oòrùn dé àtàrí, ó ṣì tutù. Mo fi fóònù pe ẹ̀gbọ́n mi.

"Lọ́la ni mò ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ṣé òótọ́ ni, àbí o kàn ń tù mí nínú?"

"Òótọ́ ni. Ká ní àná ni mo pè yín, irọ́ ni ì bá jẹ́."

Wọ́n ní: "Ẹ tètè gbéra nígbà náà. Ọ̀sán ni iyè mi máa ń sọ jù."

Mo ké sí Tíṣà látinú yàrá, mo ní aago márùn-ún ìdájí la máa kúrò nílé.