Mòlásíìsì Tí Mubashir Rà n'Ifọ

Oyún Kaosarah wọ oṣù keje nígbà tí Nọ́ọ̀sì Ọmọ́níkẹ́ wo ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ ní ilé ìwòsàn kékeré kan n'Ibafo, tó sì sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ni, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó ju ọgbọ̀n lọ. Ó fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀, ó ní kó máa lò ó lójoojúmọ́, kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn Kaosarah kò ti balẹ̀ mọ́. Nígbà tó bí Ashraf, àkọ́bí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ya lára rẹ̀ títí tó fi dákú. Ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n fà sí i lára kó tó lajú. Síbẹ̀, oògùn náà kò bá a lára mu. Bó bá ti lò ó, inú rẹ̀ á máa rú, ìgbẹ́ rẹ̀ á sì le koko.

Màmá Jésùtófúnmi, aládùúgbò wọn tó ń ṣe búrẹ́dì tà ní Mowe, ló gbé ìgò mòlásíìsì kan fún un.

"Omi ìrèké ni," ó ní. "Tí wọ́n bá sè é tí wọ́n yọ ṣúgà kúrò, ohun dúdú tó kù nìyí. Mo máa ń fi po búrẹ́dì kó lè pọ́n, kó sì rọ̀. Ó ń fúnni lẹ́jẹ̀, ó sì ń jẹ́ kéèyàn yàgbẹ́ dáadáa. Fi ṣíbí kan sínú ògì láràárọ̀."

Ó dùn, ó tún korò díẹ̀, bíi ṣúgà tó jóná. Kò pé ọjọ́ mẹ́rin tí ìgbẹ́ Kaosarah fi rọ̀. Bó ṣe kó oògùn nọ́ọ̀sì sábẹ́ aṣọ nìyẹn, tó sọ ṣíbí kan di mẹ́ta. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ìgò náà tán, ó bẹ Mubashir ọkọ rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó iyanrìn, pé kó bá òun wá òmíràn. Kẹ́ẹ̀gì ńlá kan ló gbé bọ̀ láti Ifọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Kaosarah fi lò ó.

Ní ọjọ́ kẹwàá, Màmá Jésùtófúnmi yà kí wọn lọ́sàn-án. Ó rí kẹ́ẹ̀gì náà, ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Bàbá Ashraf, níbo lẹ ti rà á?"

"Ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ màlúù," ni Mubashir wí. "Wọ́n ní ohun kan náà ni."

"Ohun kan náà kọ́. Èyí tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ ẹran nìyí. Ta ló mọ irú dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n ti dà á?"

Kaosarah gbé ọwọ́ lé ikùn. Ó gbìyànjú láti rántí ìgbà tí ọmọ náà tapá kẹ́yìn, kò rántí. Ó mu omi tútù, ó fẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀, ó ń retí kí ọmọ náà mira. Mubashir lóṣòó sí iwájú rẹ̀.

"Ó ti mira?"

"Rárá."

Wọ́n bọ́ sínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Àdúrà Hasbunallahu ni Kaosarah ń kà lábẹ́lẹ̀ títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn. Ohun tí ọkọ rẹ̀ ń sọ kò ju ẹyọ kan lọ: "Mi ò mọ̀. Mi ò mọ̀."

Nọ́ọ̀sì Ọmọ́níkẹ́ gbé ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ lé ikùn rẹ̀. Ó gbé e sápá ọ̀tún, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó gbé e sí òsì, ó tún sún un sísàlẹ̀. Mubashir ti kọjú sí ògiri. Nígbà tó yá, wọ́n gbọ́ ọ, kìtì-kìtì-kìtì, bí ẹsẹ̀ ẹṣin.

"Ọkàn ọmọ nìyẹn," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ó ń lù dáadáa."

Kaosarah sunkún. Ṣùgbọ́n wọ́n tún yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ti já sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

"Ṣé ẹ ń lo oògùn tí mo fún yín?"

Kaosarah wo ilẹ̀. "Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti fi í sílẹ̀, mà."

Mubashir yíjú sí i. "O ò sọ fún mi." Kaosarah wá jẹ́wọ́ ṣíbí mẹ́ta náà fún nọ́ọ̀sì, Mubashir sì sọ ibi tó ti ra kẹ́ẹ̀gì.

Nọ́ọ̀sì kò jágbe mọ́ ọn. "Mòlásíìsì dára, bó bá ti jẹ́ ti ènìyàn, tí kò sì ju ṣíbí kan lọ lójúmọ́. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún un. Àmọ́ oúnjẹ ni. Kò lè ṣe iṣẹ́ oògùn fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ tó báyìí. Bí oògùn bá ń dà yín láàmú, ẹ wá sọ fún mi."

Ó yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò nítorí ṣúgà, kò rí àléébù kankan. Ó pa oògùn náà dà sí irú mìíràn, ó ní kó máa fi omi ọsàn lò ó. Ó sì kọ ìwé fún un pé ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ní ẹ̀jẹ̀ nípamọ́ ni kó ti bímọ.

Láti ìgbà náà, Mubashir ló ń fún un lóògùn lójoojúmọ́, á sì dúró títí tí yóò fi gbé e mì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Ọmọbìnrin ló bí ní ilé ìwòsàn ńlá náà, Toyyibah. Bí wọ́n ṣe gbé ọmọ lé e láyà, ó bi agbẹ̀bí léèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dà lára òun. Ìyẹn ní ó ti dá. Ó tún béèrè. Ìgbà kẹta tí wọ́n dá a lóhùn ló tó wo ojú ọmọ rẹ̀.