Àsè Tí Kò Gba Odó

Ìyá Ẹgbẹ́ kò tíì jókòó dáadáa tó fi yọ ìwé ẹgbẹ́ jáde nínú báàgì rẹ̀. Màmá Julianah Akínladé rí ìwé náà, ó sì mọ̀ pé ìkíni lásán kọ́ ló gbé obìnrin náà wá sílé òun ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé. Ó gbé omi tútù síwájú rẹ̀, ó jókòó, ó ń retí.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ Sọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí ni," Ìyá Ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀yin ló kàn láti gbà wá lálejò. Mo wá rò ó pé kí á jẹ́ kí ẹ sinmi. Kí á yọ orúkọ yín kúrò lára àwọn tó ń gba àlejò, kí á gbé e lọ sójú ewé àwọn àgbà."

Nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì tí wọ́n ń lọ ní Iléṣà, gbogbo Sọ́ńdè tó bá parí oṣù ni àwọn obìnrin méjìlá máa ń lọ jẹun nílé ọ̀kan nínú wọn lẹ́yìn ìsìn. Àwọn tí orúkọ wọn wà lójú ewé àwọn àgbà kì í gba àlejò. Àwọn ni wọ́n ń gbé oúnjẹ lọ bá nínú kúlà, tí wọ́n ń gbàdúrà fún, tí wọ́n sì ń wo aago. Kò sí ẹni tí orúkọ rẹ̀ dé ojú ewé yẹn rí tó tún padà sí ti tẹ́lẹ̀. Ibi tí wọ́n ń ti ibẹ̀ lọ, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ náà dun Màmá Julianah gan-an. Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ló pé, ó ń dá gbé, ó ń dá wẹ̀, ó ń dá lọ sọ́jà. Ṣùgbọ́n kò lè sọ pé Ìyá Ẹgbẹ́ parọ́. Nígbà tó kàn án lọ́dún tó kọjá, iyán ló gún fún wọn gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀ láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Orúnkún rẹ̀ wú, ọbẹ̀ jóná nísàlẹ̀ ìkòkò, aago mẹ́rin ni àlejò tó fọwọ́ ba oúnjẹ. Nígbà tí wọ́n ń ṣe oore-ọ̀fẹ́, orí bẹ́ẹ̀dì ni onílé wà, tí wọ́n ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i.

"Ìyá Ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ kí orúkọ mi wà níbi tó wà," ó ní. "Ẹ máa bọ̀ ní Sọ́ńdè. Ẹ ó jẹun."

"Ta ni yóò gúnyán, ẹ̀gbọ́n?"

"Mo ní ẹ ó jẹun."

Ìyá Ẹgbẹ́ wò ó fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ mìíràn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì dá ìwé padà sínú báàgì. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n bí ti Sọ́ńdè yìí bá tún rí bíi tèṣí, àwọn kò ní í jiyàn mọ́. Màmá Julianah ní òun gbà.

Lọ́jọ́ kejì, ó pe Adétutù ọmọ rẹ̀ ní Òṣogbo lórí fóònù. Adétutù kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ kó tó ní alásè kan wà nítòsí àwọn ní Dàda Estate tí yóò gbé iyán àti ẹ̀fọ́ wá sí Iléṣà nínú kúlà. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ṣùgbọ́n iyán tó bá wọ mọ́tò láti Òṣogbo dé Iléṣà, àlejò lòun náà, omi ló yẹ kí á kọ́kọ́ fún un mu. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn. Ó ní ìyà ló wu Mọ́mì jẹ. Èyí dun Màmá, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́.

Ó jókòó sórí àga nínú ilé ìdáná, ó sì bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè tó yẹ kó ti bi í láti ọmọ ọgọ́ta ọdún: nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, èwo gan-an ló ń pa mí? Ọjà kọ́. Ọbẹ̀ kọ́. Iyán tí kì í dúró de èèyàn ni. Ìgbà tí àlejò bá ti jókòó tán ni wọ́n ń gún un, ẹni tó ń gún un sì wà lẹ́yìn ògiri, tí yóò máa gbọ́ ẹ̀rín àwọn ẹlòmíràn. Oúnjẹ wo ló wá lè dúró deni? Ọ̀ọ̀lẹ̀ ló wá sí i lọ́kàn, èyí tí àwọn ará Òṣogbo ń pè ní mọ́ínmọ́ín. Ẹ̀kọ ni wọn yóò fi jẹ ẹ́, ẹlẹ́kọ ni yóò sì se ìyẹn.

Ó wá pín iṣẹ́ náà sí ọjọ́ ọjọ́ bí ẹni ń pín ẹrù tó wúwo. Ní Ọjọ́bọ̀, ó ra ewé àti ẹja, ó sì bá ẹlẹ́kọ sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó din ẹja, ó din ata, ó lọ sùn lọ́sàn-án. Nígbà tí Adétutù wọlé ní àárọ̀ Sátidé, orí àga ló ti bá ìyá rẹ̀, rédíò ń sọ̀rọ̀, abọ́ ẹ̀wà wà lórí àpótí níwájú rẹ̀, ó ń bó o. Ó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá na ọwọ́ sí àga kejì.

Wọ́n jọ bó kóńgò méjì. Adétutù ṣàkíyèsí pé ìyá òun kò dìde fún odindi wákàtí kan, iṣẹ́ sì ń lọ. Òun ló gbé ẹ̀wà lọ sẹ́nu ẹ̀rọ, wọ́n jọ fi ewé pọ́n ọn, nígbà tí aago mẹ́rin sì lù, ìkòkò ti wà lórí iná. Kó tó di aago mẹ́fà, Màmá ti wẹ̀, ó ti pa ara.

"Mọ́mì, ṣé ó tán nìyẹn?"

"Ó tán."

Kò sọ pé ẹ̀rù ń ba òun. Ó mọ irú àlejò tó ń bọ̀. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọn kò fún ní iyán, ó lè jẹ àjẹyó kó délé kó ní òun kò jẹun.

Nígbà tí wọ́n jáde ìsìn ní Sọ́ńdè tí àwọn àlejò wọlé, oúnjẹ ti wà lórí tábìlì. Màmá ti gbé e kaná láàárọ̀ kó tó lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì kó o sínú kúlà. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n ń retí ìró odó. Ìyá Barnabas, tí kì í lè pa ẹnu mọ́, ló ṣí kúlà wò.

"Háà. Iyán lóúnjẹ, ọkà lòògùn," ó ní, ó sì dákẹ́ níbẹ̀.

Kò sí ẹni tí kò mọ ibi tí òwe náà ń lọ: àìrí rárá là ń jẹ̀kọ. Ìyá Ẹgbẹ́ ń wo ilẹ̀. Màmá Julianah fa àga tirẹ̀ wá sáàárín wọn, ó jókòó.

"Òótọ́ lẹ sọ," ó ní. "Ṣùgbọ́n láti ọdún tí mo ti ń gúnyán fún yín nínú ulé yìí, mi ò bá yín jókòó jẹun rí. Mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín yín láti ẹ̀yìnkùlé, mi ò mọ ohun tí ẹ ń rẹ́rìn-ín sí. Ẹ jọ̀ọ́, lónìí mo fẹ́ mọ̀ ọ́n."

Ìyá Barnabas ló kọ́kọ́ nawọ́, ó ní kí wọ́n bù fún òun, ọ̀rọ̀ tó kù di ẹ̀yìn oúnjẹ. Ó jẹ ọ̀ọ̀lẹ̀ mẹ́rin. Nígbà tó yá, ó sọ ìtàn ewúrẹ́ tí ọkọ rẹ̀ rà ní Iwaraja, tó jẹ fìlà lórí rẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé Iléṣà. Màmá Julianah rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n ní ọdọọdún tí wọ́n bá wá sílé rẹ̀ ni Ìyá Barnabas ń sọ ìtàn náà. Òun nìkan ni kò gbọ́ ọ rí.

Nígbà tí wọ́n túká, Adétutù ń fọ abọ́, ṣùgbọ́n Ìyá Ẹgbẹ́ kò dìde. Ó ní báwo ni ẹ̀gbọ́n ṣe rẹ ẹ̀wà yẹn pẹ́ tó. Màmá ní kò pẹ́ rárá, kí èèpo rẹ̀ ṣáà ti rọ̀. Obìnrin náà mi orí. Lẹ́yìn náà, ó gbé apá ọ̀tún rẹ̀ sókè. Apá náà dé ibi àyà rẹ̀, kò sì kọjá ibẹ̀.

"Láti oṣù Kejìlá ni," ó ní. "Èmi ló sì kàn lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n, orúkọ méjì ni mo fẹ́ gbé lọ sójú ewé yẹn, tiyín àti tèmi. Ojú ló ń tì mí láti dá lọ."

Màmá Julianah wá ìbínú tó ti ń gbé láti ọjọ́ Ajé, kò rí i mọ́. Ó wo obìnrin náà, ó sì pè é ní orúkọ tó ń pè é kó tó di ìyá ẹnikẹ́ni.

"Fẹ́yìsetán, ra ẹ̀wà sílẹ̀, kí o wá àga méjì. Máà ṣe nǹkan kan ní Sátidé ọ̀hún kí n tó dé. Ẹ̀wà bíbó kò ní ká gbé apá sókè."