Aguachile Ọlọ́wọ́ Kan

Kí àrùn ẹ̀gbà tó mú apá ọ̀tún Fermín, kò sí apẹja ní Teacapán, létí òkun Mẹ́síkò, tó mọ aguachile í ṣe tó o. Edé tútù, omi ọsàn wẹ́wẹ́, ata àti iyọ̀ ni gbogbo ẹ̀, kò tilẹ̀ dé orí iná. Síbẹ̀ tirẹ̀ ni wọ́n máa ń wá jẹ.

Librada ọmọ rẹ̀ padà wálé wá tọ́jú rẹ̀. Ó fẹ́ràn bàbá rẹ̀ débi pé kò jẹ́ kó fọwọ́ kan ọ̀bẹ mọ́. Òun ló ń gé ẹran fún un sí wẹ́wẹ́, bí ẹni ń bọ́ ọmọdé. Fermín ò bá a jà, àmọ́ oúnjẹ náà kì í dùn lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí òkun fún edé pípa lọ́dún yẹn, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ bí àwọn ọkọ̀ ṣe ń lọ láìsí òun. Kí oòrùn tó mú, Eleuterio, tí wọ́n jọ ń pẹja láti ìgbà èwe, gbé abọ́ edé kan dé. Ó ní kí Librada dín in tó bá ti ibi iṣẹ́ dé.

"Ìwọ ṣáà máa bá wa lé ológbò," ó ní. "Ìyẹn ò le jù fún ẹ."

Ẹ̀fẹ̀ ló ṣe, àmọ́ ó dun Fermín wọra. Ó ní kí Eleuterio padà wá lọ́sàn-án, kó má sì jẹun wá.

Bó ṣe ku òun nìkan, ó wọ ilé ìdáná. Edé àkọ́kọ́ yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ológbò sì gbé e lọ lóòótọ́. Èkejì náà bọ́. Òógùn bò ó. Ló bá fi eyín di ìrù èyí tó tẹ̀ lé e mú, ó fi ọwọ́ òsì fa èèpo rẹ̀, èèpo bọ́. Nígbà tó kan àtilà wọ́n lẹ́yìn, ó fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún tó ti kú, ó gbé e lé edé lórí, bí ẹni gbé òkúta lé aṣọ kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ. Edé ò lè yẹ̀ mọ́. Fermín tẹjú mọ́ ọwọ́ náà. Láti ìgbà tí ọwọ́ náà ti kú, àkọ́kọ́ nìyí tí yóò bá a ṣiṣẹ́.

Ó fi ìdí ìgò tẹ omi ọsàn jáde. Ó ki odó òkúta sáàárín itan, ó gún ata àti iyọ̀ títí imú rẹ̀ fi ń ta á. Ó da gbogbo rẹ̀ lé edé lórí, ó gé àlùbọ́sà àti kùkúńbà gbágungbàgun sí i. Kò pẹ́ tí edé tó mọ́ gaara bíi díńgí fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun.

Librada àti Eleuterio pàdé lẹ́nu géètì, wọ́n jọ wọlé. Librada rí ọ̀bẹ, ó rí èèpo nílẹ̀ káàkiri, ó fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Jókòó, ọmọ mi," bàbá rẹ̀ ní. "Bó bá pẹ́ jù nínú ọsàn, yóò le."

Eleuterio fi búrẹ́dì àgbàdo gbígbẹ bù ú sẹ́nu. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó tún bù ú.

"Ta ló bá ẹ bó o?" Eleuterio bi í nígbẹ̀yìn.

"Eyín mi."

"Èwo nínú méjì tó kù yẹn?" Ó nu ojú. "Fermín, ìkà ni ẹ́. Edé dídín la ti ń jẹ látọjọ́ yìí, ìwọ sì wà níbí."

Librada jẹ tirẹ̀ tán. Ó wá na abọ́ sí bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ bù sí i fún mi."

Ó fi ọwọ́ òsì bù ú fún un, ẹ̀kán omi kan ò dà nù.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Àìkú, Eleuterio ti rò ó ká gbogbo èbúté. Àwọn apẹja kún inú àgbàlá, olúkúlùkù pẹ̀lú edé tirẹ̀. Fermín jókòó láàárín wọn, ó ń bú àwọn tí ọwọ́ wọn méjèèjì pé, pé wọn ò yára tó nídìí edé bíbó.