Oògùn Tí Aránṣọ Lọ̀ Sínú Tíì

Àmì dúdú kan ló yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ bíríkìlà. Ó rò pé ìṣó ló gún òun níbi iṣẹ́, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ rìn. Nígbà tó fi máa gbé ẹsẹ̀ náà dé ọ̀dọ̀ dókítà, jẹjẹrẹ awọ ara ti fi ibẹ̀ ṣelé, ó sì ti ràn dé inú itan rẹ̀. Wọ́n gé èyí tí wọ́n lè gé, wọ́n ní kó máa wá gba omi oògùn sára.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, aṣọ oníbàárà ń sùn lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Àyẹ̀wò fi hàn pé sẹ̀léníọ̀mù, ọ̀kan nínú àwọn èròjà bíńtín tí oúnjẹ ń kó wọ ara, kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀. Dókítà ní àwọn olùṣèwádìí kan kíyè sí i pé àwọn aláìsàn tí tiwọn kéré kì í sábà pẹ́ láyé bí àwọn yòókù, torí náà, òun á fún un ní díẹ̀. Aránṣọ kò gbọ́ "díẹ̀." "Kò tó" ló gbọ́.

Ó wọ ilé oògùn kan bọ́ sí òmíràn, ó ń ra sẹ̀léníọ̀mù oníhóró. Bí bíríkìlà bá ti lo ti dókítà tán, ìyàwó á tún lọ òmíràn kúnná, á dà á sínú tíì, á fi ṣúgà bò ó mọ́lẹ̀.

"Tíì yìí mà korò o," ni ọkọ wí.

"Ẹnu àìsàn ni, Bàbá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu ún tán."

Kò pẹ́, irun ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í já sórí ìrọ̀rí. Èékánná rẹ̀ ń sán bí èèpo ẹyin. Èémí rẹ̀ ń rùn bí aáyù, bẹ́ẹ̀ wọn kò fojú kan aáyù nínú ilé. Nígbà tí èébì dá a wólẹ̀, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò títí, ojú rẹ̀ rú.

"Dókítà, èmi ni." Aránṣọ bọ́ síwájú. "Mo ń lọ̀ ọ́ sínú tíì wọn." Ó da àwọn ìgò òfìfo látinú báàgì sórí tábìlì.

Dókítà jókòó. "Mà, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí sẹ̀léníọ̀mù bá pọ̀ jù, májèlé ni. Àwọn olùṣèwádìí rí i pé ó kéré lára àwọn tó tètè kú. Wọn ò sọ pé ẹni tó bá rọ́ ọ sára ló máa yè. Ó lè jẹ́ àìsàn yẹn gan-an ló ń jẹ sẹ̀léníọ̀mù ara wọn tán."

"Ṣé mo ti pa wọ́n ni?"

"Rárá. Àmọ́ a máa dá ìtọ́jú jẹjẹrẹ dúró títí ẹ̀jẹ̀ wọn á fi mọ́."

Bíríkìlà ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. "Aránṣọ, jẹjẹrẹ ń fà mí níwájú, ìwọ náà ń tì mí lẹ́yìn?" Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́.

Aránṣọ kúnlẹ̀. "Ẹ bínú sí mi. Ẹ gbá mi létí."

"Ọwọ́ wo ni mo fẹ́ fi gbá ẹ? Dìde." Ó na ọwọ́ sí i. "Ẹ̀rù ń ba èmi náà."

Kò sọ bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra.

Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, wọ́n padà sẹ́nu ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n fọ́tò inú ara tuntun tí wọ́n yà fi kókó jẹjẹrẹ kan hàn nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Aránṣọ bi dókítà bóyá dídá tí wọ́n dá ìtọ́jú dúró ló fà á. Dókítà ní kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Ìdáhùn náà burú fún un ju "bẹ́ẹ̀ ni" lọ. Ó padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì sí ohun mìíràn tó tún lè ṣe.